Aswani Kò Hun Aṣọ Mọ́, Orúkọ Rẹ̀ Ṣì Wà Lẹ́nu Ará Ìsọlọ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bàrígà kéde pé ibùdókọ̀ tí gbogbo èrò Èkó mọ̀ sí Charly Boy kò ní í jẹ́ orúkọ yẹn mọ́. Wọ́n ní orúkọ Olamide, gbajúgbajà olórin tó dàgbà ní àdúgbò náà, ni yóò máa jẹ́. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní ẹ̀yẹ tó tọ́ sí ọmọ àdúgbò ni, àwọn mìíràn ní ìwọ̀sí ni fún àgbà. Ní tiwa, a rò pé ẹni tí yóò dá ẹjọ́ náà kò sí nínú ọ́fíìsì kankan. Ẹnu ọ̀nà dáńfó ló dúró sí, ó fi ọwọ́ kan di irin ọkọ̀ mú, ó ń ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Orúkọ tí kọ́ńdọ́ bá gbà láti máa ké ni orúkọ ibùdókọ̀. Èyí tí kò bá ké, ara pátákó ni yóò máa gbé.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí orúkọ ọjà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọpọlọ ènìyàn, kí ó wọ ọkọ̀ ní Ọ̀ṣòdì, kí ó máa bọ̀ ní Ìsọlọ̀ lójú òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá. Kí ó tẹ́tí sílẹ̀. Yóò gbọ́ Toyota, yóò gbọ́ Five Star, yóò gbọ́ Aswani. Orúkọ ọjà àti orúkọ iléeṣẹ́ ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sanwó fún kọ́ńdọ́ kí ó máa polówó wọn, síbẹ̀ kò sí pátákó ìpolówó tó lè bá a dọ́gba, nítorí pé láti ìdájí títí di òru ló ń pè wọ́n, etí àwọn tó sì ní ohun kan láti fi orúkọ náà ṣe ló ń pè é sí.

Iléeṣẹ́ aláṣọ ni Aswani. Ní àkókò tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú, àwọn aláṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Afprint wà lójú òpópónà kan náà, ó ń tẹ àǹkárá. Five Star wà níbẹ̀. Aswani wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, kò sí irú iléeṣẹ́ aládàáńlá kan tó gba òṣìṣẹ́ tó àwọn aláṣọ ní gbogbo Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń wọlé, ti òru ń jáde, àwọn olóúnjẹ sì ń jókòó sí ẹnu géètì dè wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. Iná mànàmáná kò dúró, epo tí wọ́n fi ń ṣe iná fúnra wọn gbówó lórí, ẹ̀rọ gbó, aṣọ fàyàwọ́ láti Éṣíà gba ojú ọjà. Nígbà tí United Nigerian Textiles ti Kàdúná, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù, ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ àwọn ti Èkó ti dákẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Aswani dákẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọjà kan ti wà lábẹ́ òjìji rẹ̀, ọjà yẹn kò sì dákẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èrò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Èkó ń rọ́ lọ sí ọjà Aswani. Kí ni wọ́n ń lọ rà? Òkìríkà ni. Aṣọ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti wọ̀ kí wọ́n tó dì í ní bélì ránṣẹ́ sí wa, èyí tí àwọn elétò ọrọ̀ ajé kà mọ́ ohun tó pa iléeṣẹ́ aláṣọ wa, ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ aláṣọ tó kú. Ọmọbìnrin tó ń ṣa gán-ún kọ̀ọ̀kan lábẹ́ oòrùn Ìṣẹ́gun mọ Aswani bí ẹni mowó. Bi í léèrè ohun tí Aswani ń ṣe tẹ́lẹ̀, yóò wò ọ́ lójú. Orúkọ ọjà ni, yóò wí. Òótọ́ ló sì wí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìpolówó ti le. Àwọn tó ń polówó ọjà máa ń sọ fún oníṣòwò pé bí orúkọ bá ti wọ ọpọlọ àwọn ènìyàn, iṣẹ́ ti parí. Kò parí rárá. Ọpọlọ lè di orúkọ mú ṣinṣin kí ó sì ti jẹ́ kí ohun tó ni orúkọ náà bọ́ sọnù. Ní Ìkẹjà, ibùdókọ̀ Dunlop wà níbẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ Dunlop ti ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Nàìjíríà láti ọdún 2008. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Dunlop kò ní í rí táyà rà lọ́wọ́ wọn.

Kí ló dé tí orúkọ fi ń dúró? Onímọ̀ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus ló kọ́kọ́ fi ìdánwò tọ pinpin ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1885. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò náà. Ó ṣẹ̀dá àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó kọ́ wọn sórí, ó sì ń wọ̀n bí ó ṣe ń gbàgbé wọn. Ó rí i pé ìgbàgbé a máa yá ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a rọra máa falẹ̀. Ó tún rí i pé kí ènìyàn tún nǹkan kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pọ̀ ọjọ́ sàn ju kí ó rọ́ ọ sórí ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn oníṣòwò ayé gbọ́ èyí, ó yé wọn. Ìdí nìyẹn tí ìpolówó ọjà kan náà fi ń padà wá sórí rédíò ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, títí a ó fi fẹ́ fọ́ rédíò náà.

Àmọ́ sílébù tí kò ní ìtumọ̀ ni Ebbinghaus fi ṣe tirẹ̀. Lójú òpópónà Ìsọlọ̀, orúkọ tí a kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa: bí o kò bá rántí Five Star, ọkọ̀ yóò gbé ọ kọjá ilé. Àsọtúnsọ nìkan kò tó, àfi kí ohun tí à ń sọ wúlò lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.

Àwọn ìyá wa tó ń kiri ọjà mọ èyí kí oníwèé kankan tó dé. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn aláta, elékuru tàbí ẹlẹ́kọ ní ìdájí yóò mọ̀ pé wọn kì í kàn dárúkọ ohun tí wọ́n gbé sórí. Wọ́n a fi ohùn tẹ̀ ẹ́, wọn a fà á gùn, wọn a sọ bí ó ṣe gbóná tàbí bí yóò ṣe dùn lẹ́nu. Èdè Yorùbá sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́nà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà ran tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè wa, nítorí náà orin tó bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rántí orin ti rántí orúkọ. Dùndún pàápàá lè polówó ọjà láìya ẹnu, kí ọmọ ọdún márùn-ún sì mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tó bá wá gbé orin Gẹ̀ẹ́sì ka orí ọ̀rọ̀ Yorùbá láìbìkítà fún ohùn, irú èyí tí a rí nínú ọ̀pọ̀ orin ìyìn ìgbà àwọn míṣọ́nnárì, yóò sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣì ń ṣe àṣìṣe yìí lórí rédíò títí di òní, tí wọ́n á kọ ìpolówó ní Gẹ̀ẹ́sì tán kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ mú ìpolówó kúrò lẹ́nu wá sórí bébà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ni àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí, pé inú rẹ̀ ni ìkéde nípa ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ ti kọ́kọ́ hàn. Ní ọdún 1928 ni West African Publicity, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ UAC, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìpolówó gẹ́gẹ́ bí òwò tirẹ̀. Rédíò tẹ̀ lé e: ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í so àpótí rédíò mọ́ ilé àwọn tó ń sanwó oṣooṣù ní Èkó. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn wa sọ àpótí náà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. N kò mọ orúkọ mìíràn tó bá ìpolówó ọjà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwòrán sì kún ohùn.

Síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ kò dúró de rédíò tàbí amóhùnmáwòrán. Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, ló ṣe egbòogi oníyẹ̀fun tí a mọ̀ sí Alábùkún, ní ọdún 1918. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣàdúrà ló fi sọ oògùn rẹ̀, tí ẹni tí orí ń fọ́ fi ń pe ìbùkún nígbà tó bá ń béèrè rẹ̀. Ó fi àwòrán ara rẹ̀ sí i, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ ojú kí ó sì bèèrè fún bàbá náà. Ó tún ń tẹ almanac Alábùkún jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ènìyàn ń yẹ̀ wò láti mọ ọjọ́ kò ní í kúrò nílé fún odidi ọdún kan. Bí ìyàwó ilé bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí àjọ yóò pé, orúkọ Alábùkún ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí Odulate bá ka Ebbinghaus, kò lè ṣe é dára jù bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún 1962. Ẹ lọ sí ìsọ̀ èyíkéyìí ní Ìsọlọ̀ lónìí, kí ẹ béèrè Alábùkún. Ẹni tó ń tà á kò ní í béèrè ohun tí ẹ̀ ń sọ.

Aspirin wà nínú Alábùkún, ìtàn aspirin fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìkìlọ̀ fún oníṣòwò. Iléeṣẹ́ Bayer ti Jámánì ló forúkọ Aspirin sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ tirẹ̀ nìkan ní ọdún 1899. Orúkọ náà mọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe oògùn náà bẹ́ẹ̀ láìka ẹni tó ṣe é sí. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ kan lọ́hùn-ún dájọ́ pé lójú ará ìlú, orúkọ oògùn ni aspirin ti dà, kì í ṣe orúkọ ọjà ẹnì kan mọ́. Iléeṣẹ́ tó bá jẹ́ kí gbogbo ayé rántí òun lè bá a débi tí òun fúnra rẹ̀ kò ní í ní orúkọ náà mọ́.

Irú rẹ̀ kún ìsọ̀ wa. Ómò ni wọ́n ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun. Oníbàárà yóò ní kí wọ́n fún òun ní Ómò, ọlọ́jà yóò bi í pé Ómò wo, yóò sì dáhùn pé Ariel. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Mákílíìnì ni àwọn àgbà ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọyín, Índómì ni gbogbo núdù, Mágì ni gbogbo ohun tí a ń fọ́ sọ́bẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó ṣòro fún ẹnu Yorùbá nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ Ómò, fáwẹ́lì ló parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa. Èyí tó bá ṣòro, a ó gé e, a ó nà án títí yóò fi bá ahọ́n wa mu. Èyí tí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó sọ ọ́ lórúkọ tiwa: Ìjàpá ni a sọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Volkswagen, Odeku ni àwọn amutí sọ ìgò ńlá Guinness. Iléeṣẹ́ kankan kò sanwó fún ìyẹn.

Gálà tún wà níbẹ̀. Ọdún 1962 ni UAC ti ń ṣe é bọ̀, ṣùgbọ́n sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ọ̀ṣòdì ló sọ ọ́ di ohun tí Èkó kò lè gbàgbé. Ọkọ̀ kò lọ, ebi ń pa èrò, ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sí fèrèsé, ọ̀rá pupa náà sì ń dán lójú. Àkókò tí ọpọlọ fẹ́ láti di nǹkan mú gan-an nìyẹn, nígbà tí ikùn bá ń bá a sọ̀rọ̀ papọ̀. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ka irú ọjà kíkiri bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Bí ìjọba ṣe ń lé wọn ni wọ́n ń padà.

Ìhà tó ń dun ni nínú ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọjà Aswani. Ní àgbègbè ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ kan náà, lójú òpópónà Ọ̀ṣòdì sí Àpápá, ni ọ́fíìsì àjọ NAFDAC ti Èkó wà, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Iṣẹ́ àjọ yìí fi hàn pé ìrántí orúkọ lè pa ènìyàn. Ìpolówó ń kọ́ etí àti ojú wa, kì í sábàá kọ́ wa ní lẹ́tà. Àwọ̀ páálí ni a rántí, ìró orúkọ ni a rántí, àwòrán orí rẹ̀ ni a rántí. Aláyédèrú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò lo àwọ̀ kan náà, yóò lo páálí kan náà, yóò yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà tàbí kí ó má tilẹ̀ yí ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ bàtà ni, ẹ̀sín lásán ni yóò já sí nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ṣí. Bí ó bá jẹ́ oògùn ibà tí ìyá rà fún ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Bí orúkọ bá ṣe gbajúmọ̀ tó ni aláyédèrú ń fẹ́ràn rẹ̀ tó. Owó tí iléeṣẹ́ tòótọ́ ná sórí ìpolówó, òun ni aláyédèrú ń jẹ èrè rẹ̀.

Dora Akunyili, tó darí NAFDAC láti ọdún 2001 sí 2008, lóye pé ohun tí ìpolówó dá sílẹ̀, ìpolówó nìkan ló lè bá a jà. Ó gbé ìkìlọ̀ sórí rédíò àti amóhùnmáwòrán, ó tẹ orúkọ àwọn ayédèrú oògùn sínú ìwé ìròyìn, ó sì tún un sọ, ó tún un sọ, títí àwọn tí kò kàwé rárá fi ń yí páálí oògùn padà, tí wọ́n ń wá nọ́ńbà NAFDAC lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, kò tíì sí ìpolówó tó ṣe Nàìjíríà láǹfààní tó ìyẹn. Kì í ṣe orúkọ ọjà kankan ló ní kí a rántí. Ìṣe kan ló ní kí ọwọ́ wa rántí: yí i padà, kà á. Aláyédèrú ti kọ́ bí a ti ń tẹ nọ́ńbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ìṣe náà di aláìwúlò.

Ní Àjàó Estate, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣòdì òun Ìsọlọ̀, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Chivita Avenue. Iléeṣẹ́ Chi, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980, ló wà níbẹ̀, orúkọ omi èso rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ òpópónà náà. Ní ọdún 2016, Coca-Cola ra ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ náà. Ní ọdún 2019, ó ra ìyókù. Ní ọdún 2025, UAC kéde pé òun ń gbà á lọ́wọ́ Coca-Cola, UAC kan náà tó ti ń fi owó ṣe ìpolówó ọjà láti ìgbà West African Publicity. Nínú gbogbo rírà àti títà yìí, orúkọ orí páálí kò yí padà. Oníbàárà tó ń mu ún kò mọ̀ pé olówó rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé orúkọ gan-an ni ohun tó wọ́n jù nínú ohun tí wọ́n rà.

Orúkọ Aswani kò rí ẹni rà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọlọ́jà àti èrò ọkọ̀ ló bọ́ sí, wọ́n ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó fi ọdún tó dára jù nínú ayé wọn ṣiṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ nínú ọgbà náà ti di àgbà báyìí, àwọn mìíràn ti lọ. Ibùdókọ̀ kan kò jẹ́ orúkọ wọn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn ní Ìsọlọ̀, ẹ bi í bí aṣọ náà ṣe rí.